Àníkẹ́ Tó Jókòó sí Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Àníkẹ́ o! Ó wá di ìgbà wo, aya mi?

Kí n tó sunkún rẹ, jẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sunkún. Èmi Àkànní Ọlọ́sàn ni, ọmọ Fìdítì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí bàbá mi kú. N kò tíì pé mẹ́wàá tí ìyá mi tẹ̀ lé wọn. Ìwé kejì ni mo wà tí wọ́n lé mi kúrò ní ilé-ìwé, mo sunkún dé ilé, kò sì sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé. Mo ru igi ìdáná láti oko dé Ìlọrà láìwọ bàtà; bí ọrùn mi ṣe kúrú yìí, ẹrù ló fà á. Ejò bù mí ṣán lẹ́sẹ̀ òsì, mo fi aṣọ so ó, mo parí ebè tó kù kí n tó wá ìtọ́jú lọ. Lọ́rì tó kó ọsàn mi àkọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn dojú dé lọ́nà, àwọn èèyàn ń ṣa á jẹ lórí títì, mo dúró mò ń wò wọ́n. Iná ẹ̀ẹ̀rùn jó oko mi kanlẹ̀, mo tún un gbìn. Nígbà tí sápù ìjọba dé, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, tí àwọn tó jù mí lọ ń ta ilé, ilẹ̀ ni èmi ń rà. Lónìí, bí ẹ bá kúrò ní Fìdítì tí ẹ ń lọ sí Jóbẹ̀lẹ̀, ọsàn tí ẹ ó máa rí lápá ọ̀tún títí ojú yín yóò fi rẹ̀, tèmi ni. Èmi nìkan ni mo gbìn ín. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i.

Gbogbo ìyẹn kò wó mi. Ìwọ, obìnrin tí kò ga dé èjìká mi, ìwọ lo wó mi, Àníkẹ́. O kú ní ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ mi, n kò sì sí nílé.

Dékùnlé ọmọ wa ní òun yóò bá mi kọ ìwé ìsìnkú yìí, kí ó lè dùn ún kà. Mo ní rárá. Ẹni tó kà dé ìwé kejì náà ní ọwọ́. Bọ́lá ọmọ wa ló fi àmì ohùn sí i fún mi. Ìwọ ọmọ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀yọ́, má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, pàápàá níbi tí mo ti ń bú ara mi.

Ìlọrà ni mo ti rí ọ, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ. Mo mú ṣòkòtò wá kí o bá mi lẹ̀ ẹ́. O wò ó, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ṣòkòtò wà níbí? Ìlẹ̀mọ́ nìkan ni mo rí." Ìwé mẹ́fà lo kà. Láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé mi, ìwọ lo ń ka lẹ́tà mi, ìwọ lo ń kọ èsì, bẹ́ẹ̀ ni o kò fi ìwé yẹn yájú sí mi rí. Tí o bá bó ọsàn, èèpo rẹ̀ kì í já. Gbọọrọ báyìí ni yóò jáde, o ó fi kọ́ sórí okùn ní ilé ìdáná kó gbẹ, òun lo ń fi dá iná láàárọ̀. Nígbà tí mo bá ń ròyìn ara mi fún àlejò, ìwọ ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, o ó ní, "Bàbá Èmi-Nìkan, ẹ wá jẹun." Orúkọ tí o sọ mí nìyẹn. Inú ń bí mi sí i nígbà náà. Ta ni yóò tún pè mí bẹ́ẹ̀?

Ìyá rẹ náà mọ̀ mí. Ọlọ́ṣun ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n fi àkùkọ kan ránṣẹ́ sí mi ní ọdún tí a bí Dékùnlé. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti fi àgbébọ̀ méjì ránṣẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe sí gbogbo èèyàn. Tí o bá fún mi ní iṣu kan, wàá gba méjì lọ́jọ́ náà, kí o má baà rí ẹnu fi sọ̀rọ̀ mi. Ìyá rẹ wo àgbébọ̀ méjì yẹn, wọ́n ní, "Àníkẹ́, ọkọ rẹ kì í jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn òun." Ìwọ lo wá sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyìn ni.

Ọ̀nà tí mo fi ṣe oko ni mo fi ṣe ìgbàgbọ́. Èmi ni mo kan páànù sórí ìjọ wa. Wọ́n fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. Mo wò ó pé àwọn èèyàn kàn ń rọ́ wọlé, wọ́n ń ní àwọn ti gba Jésù gbọ́, wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú wa tí a ti ń jìyà fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bí mi nínú. Irú ìgbàlà wo nìyẹn, tí ẹni tó dé lánàá yóò gbà láìlàágùn? Mo pe àwọn àgbà ìjọ jọ sí pálọ̀ mi. Èmi ń sọ ọ́, àwọn ń mi orí, ìwọ ni o ń kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé ọwọ́ rẹ ló dára jù. Òfin mẹ́rìnlá. Obìnrin kò gbọdọ̀ fi yẹtí wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn òyìnbó yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ. Òfin kẹsàn-án ni mo gbádùn jù, òun ni mo sì sọ fún ọ pé kí o fi lẹ́tà ńlá kọ: ẹni tó bá ti inú òrìṣà wá kò tíì rí ìgbàlà títí yóò fi gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, tí yóò jó gbogbo nǹkan òrìṣà rẹ̀ níwájú ìjọ, tí yóò wọ aṣọ funfun fún ogójì ọjọ́, tí àwọn àgbà yóò sì fi ọwọ́ sí i.

O kọ ọ́ tán. O dé ìdérí báírò. O ní, "Bàbá Dékùnlé, ohun tí ẹ ní kí n kọ ni mo kọ. Ó pé mẹ́rìnlá. Níbo ni Jésù wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Jésù wà lókè, ètò ló wà nílẹ̀." Àwọn àgbà ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ìwọ dìde, o lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ yẹn ni ẹni tó ń kọ pátákó fi ọ̀dà kọ sí ara pátákó ńlá, tí a kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà ìjọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá sí ìsìnkú yìí ló gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Kò pé ọdún méjì tí ìyá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn. O lọ sí Ìlọrà lọ tọ́jú wọn. Ò ń wẹ̀ wọ́n, ò ń sọ̀rọ̀ Jésù fún wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá rẹ ní, "Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe wà yìí ló ní kí n máa bọ̀, Àníkẹ́, mo gbà á. Sọ fún un pé mo gbà á." O ránṣẹ́ sí mi, inú rẹ ń dùn. Mo fi èsì ránṣẹ́ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, obìnrin tí kò lè gbé omi mì! Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n kú. Idẹ Ọ̀ṣun ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ wọn, nítorí pé ọwọ́ náà ti wú, kò sì ṣe é bọ́.

O wá bá mi pé kí ìjọ wá kọrin sìnkú. Gbogbo ohun tí o fẹ́ kò ju orin lọ, Àníkẹ́. Mo sì wà nínú agbádá mi, mo nàka sí pátákó. Mo ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta lórí ààwẹ̀, idẹ sì wà lọ́wọ́, aṣọ funfun kò sí. Mo ní èmi tí mo ṣe òfin kò lè tìtorí pé àna mi ni kí n rú u. Ojú mi le, mo rò pé òdodo ni mò ń ṣe. Àwọn Ọlọ́ṣun ní àwọn kò sin ẹni tó ti yí padà. Ìjọ ní òun kò sin ẹni tí kò tíì yí padà tán. Ìwọ nìkan lo kọrin nígbà tí wọ́n sin wọ́n sí ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìlọrà. Wọ́n ní o kọ ọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ kò gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a wọ ìjọ. O kọjá àga tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ lé fún ìyàwó Bàbá Ìjọ. O rìn lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí a ń fi àwọn tí ìjọ bá bá wí sí, níbi tí àwo Oúnjẹ Olúwa kì í dé. O jókòó. Mo ránṣẹ́ pè ọ́, o kò dìde. Nílé, o gbé oúnjẹ fún mi, o kúnlẹ̀ bí o ti máa ń ṣe, o ní, "Ẹ má bínú. Ibi tí ẹ bá fi ìyá mi sí ni mo máa jókòó."

Ọdún méje, Àníkẹ́! Mo bẹ̀ ọ́, mo pàṣẹ, mo bínú. Mo ra tìmùtìmù aláràn-án, mo fi sí àga iwájú kó lè wù ọ́. O gbé tìmùtìmù náà lọ sẹ́yìn, o fi fún ìyá àgbà kan tí ìdí ń dùn. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn di èèyàn rẹ: ọmọbìnrin tó lóyún kí ó tó ṣègbéyàwó, bàbá tó ń mu ẹmu, àwọn oníyẹtí. Ò ń rán aṣọ fún wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí a bá ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, èmi ni mo ń gbé àwo. N ó gbé e láti iwájú bọ̀, n ó dé ìlà tó ṣáájú tìrẹ, n ó yí padà. O kò wò mí pẹ̀lú ìbínú rí. Ìyẹn ló burú jù.

Ó kù díẹ̀ kí o gbà mí là lọ́jọ́ kan ní oko. Mò ń lọ́ ọsàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, igi ọsàn kíkan là ń kọ́kọ́ gbìn, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. A ó fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ díẹ̀, a ó gé ojú kan tó fẹ́ rúwé láti ara ẹ̀ka ọsàn dídùn, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀, a ó sì fi ọ̀rá dì í. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ní gbogbo Afijió. Ìwọ jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, ò ń bó ọsàn. O ní, "Ojú ẹ̀ka yẹn, iṣẹ́ wo ló ṣe tí ẹ fi mú un?"

Mo ní, "Iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe? Èmi ni mo rí i tí mo mú un."

"Ní báyìí tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

"Kó ṣáà má jábọ́. Èmi ni mo di í mú."

O fi èèpo ọsàn kọ́ èjìká, o ní, "Bàbá Èmi-Nìkan, ẹ ti wàásù. Ó tó." Odidi ọjọ́ méjì ni n kò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan, báwo ni yóò ṣe gbà pé èyí tó tóbi jù, ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀?

Àìsàn inú dé ní ọdún yìí. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n ní kí a máa gbé ọ lọ sílé. Mo ní n kò gbà. Èmi tí n kò gbà fún iná! Mo ní n ó gun òkè àdúrà lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, gbígbẹ, láìfi omi kan ẹnu, Ọlọ́run yóò sì rí i pé èmi Àkànní ni mo wá. O di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ ti fúyẹ́ bí èèpo ọsàn tó ti gbẹ. O ní, "Ẹ má lọ. Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ná ọjà. Ẹ jókòó tì mí." Mo ní n kò fi jíjókòó rí nǹkan kan gbà láyé mi. O ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa rí yín." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo gun òkè lọ.

Ọjọ́ kẹfà lo kú, ní ọ̀sán, tí oòrùn wà ní àárín orí. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Bàbá tó ń mu ẹmu yẹn ló gbé ọ jókòó nígbà tí o ní o fẹ́ wo òde. Ọmọbìnrin tí a lé kúrò níwájú ló ń kọrin fún ọ. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ọ, mo wà lórí òkúta, mò ń ka ọjọ́ fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ keje, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi kò ranlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo ti parí rẹ̀. Bọ́lá pàdé mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó gba ìgò, ó mú mi wọ ilé ìdáná. Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹun ná." Ó gbé ògì gbígbóná fún mi nínú kọ́ọ̀bù rẹ aláwọ̀ ewé, ó ti fi oyin sí i. Mo mu ún. Bí mo ṣe ń mu ún ni mò ń sọ fún un bí ààwẹ̀ náà ṣe le tó, pé ẹni tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí kò lè ṣe é. Ọmọ náà dúró, ó ń wo inú kọ́ọ̀bù. Nígbà tí ó tán ló sọ fún mi.

Ó ní ìwọ lo fi àṣẹ sílẹ̀. Ó ní o ní, "Bọ́lá, bí bàbá rẹ bá dé, fún wọn ní oúnjẹ kí o tó sọ fún wọn. Wọ́n á ti jìyà." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí o sọ nípa mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tí mo já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tí mo gbé àwo kọjá fún ọdún méje. Ó ń kú lọ, ó ń ronú ògì tí n ó mu. Kí ni mo ṣe tí mo fi mu ògì yẹn? Kí ni n ó fi dá a padà, àgbébọ̀ mélòó? Ta ni n ó dá a padà fún? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, òun ni oore àkọ́kọ́ tí n kò rí ọ̀nà san. Mo jókòó ti kọ́ọ̀bù yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì wá mọ ohun tí ìyá rẹ gbà lórí ẹní àìsàn ní Ìlọrà. Wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú idẹ lọ́wọ́, Àníkẹ́. Wọ́n rí ìgbàlà. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo ìjọ lè kà á: wọ́n rí ìgbàlà, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti ronúpìwàdà. Bí ó bá sì jẹ́ ti ká ronúpìwàdà, kò sí ẹni tó ronúpìwàdà tó mi láti Fìdítì dé Awẹ́. O ó ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Rẹ́rìn-ín, aya mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ilé ṣófo. Èèpo ọsàn mẹ́ta ṣì wà lórí okùn, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá iná. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ lánàá, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ níbẹ̀, kí n ṣáà lè gbọ́ bó ṣe máa ń dún. Lẹ́tà kan dé láti Jóbẹ̀lẹ̀, mo nà án sí apá yàrá rẹ kí o bá mi kà á, kí n tó rántí. Mo bó ọsàn kan. Ó já lọ́nà mẹ́rin.

Ó dáa. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí, àwọn èèyàn á ti wà nínú mọ́tò, wọ́n á fẹ́ gbé ọ jáde, n ó dákẹ́. Sùn re o, Àníkẹ́ ọmọ Ìlọrà. Sùn re lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, níbi tí o ní kí a sin ọ́ sí; ìjọ yóò kọrin níbẹ̀ lónìí fún ẹ̀yin méjèèjì, dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó gbé àkàbà, n kò ní rán ẹnikẹ́ni, n ó fi ọwọ́ ara mi yọ pátákó yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa ni. Ẹlòmíràn ni yóò gbé àwo. Ẹni tó bá ń wá Bàbá Ìjọ, kó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ní ojú ibi tí ò ń jókòó sí gan-an. Bí àwo náà bá dé ọ̀dọ̀ wa, n ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Kò ní sí nǹkan kan nínú wọn.